Kámẹ́rà Olójú Méjì: Ẹ Dán An Wò Kí Ọjọ́ Náà Tó Dé

ÌDÍLÉ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́

 

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Arákùnrin kan tí ó ń fi kámẹ́rà ìgbàlódé ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ni ó kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ fi kámẹ́rà onífíìmù ńlá kún iṣẹ́ òun, irú èyí tí àwọn ayafọ́tò àtijọ́ máa ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n á tẹrí ba kí wọ́n tó yà wá. Ó ní: "Sà, ẹnì kan ní àlòkù kan lọ́wọ́, kò sì wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dún dáadáa. Ṣé kí n rà á?" Ìyàwó rẹ̀ náà kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi bi í bóyá owó tí a ń kó jọ láti fi ra jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi ra ohun àtijọ́."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n béèrè ohun tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò pa mí lẹ́rìn-ín: "ó ń dún dáadáa." Gbólóhùn yẹn ni ó kó mi sí ìbànújẹ́ ní ọdún 1997. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ná, kí a tó wá sọ̀rọ̀ lórí ohun rírà.

Àwòrán méjìlá, ẹyọ kan ni ó yè

Ìbàdàn ni mo ń gbé nígbà náà, ìyá mi sì wà ní Ìsẹ́yìn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò ní fọ́tò kankan àfi pélébé pásípọ́ọ̀tù kan tí ojú rẹ̀ ti ṣá. Mo pinnu pé n óò ya fọ́tò rẹ̀ tí a lè gbé kọ́ ara ògiri. Mo bá oníṣòwò kan dúnàádúrà lórí kámẹ́rà olójú méjì kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún "ká!" Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó tún dún "ká!" Mo sanwó. N kò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. N kò fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú rẹ̀ wò. Ara mi ti yá jù.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gba Ìsẹ́yìn lọ. Ìyá mi ró sányán rẹ̀, ó wé gèlè, ó fi iyùn sọ́rùn, ó jókòó sí iwájú ilé, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe níwájú kámẹ́rà. Mo fara balẹ̀. Mo ya ọ̀kan, mo sún àga. Mo ya òmíràn, àwọn ará àdúgbò dé, a kí ara wa. Mẹ́wàá tí mo yà gbà mí tó wákàtí kan. Lójijì, òjò ṣú. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé gèlè ìyá mi lọ. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó gbójú sókè wo sánmà, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sáré kiri. Mo yára ya méjì tí ó kù, mo yí fíìmù náà parí wàràwàrà, a sì sá wọlé.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ìlà funfun bí ọwọ́ iná là wọ́n kọjá, ó sì bo ojú ìyá mi. Ìkọkànlá mì, kò hàn dáadáa. Ìkejìlá nìkan ni ó yè: ìyá mi pẹ̀lú ọwọ́ lórí gèlè, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tí ó fọ fíìmù náà ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà mi, ó fi ìka ra etí ìdérí rẹ̀, ìka rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí ó ti ọwọ́ bọ ọ̀dà. Ó ní: "Fóòmù tí ó yẹ kí ó dí ìmọ́lẹ̀ ti jẹrà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé. Àwòrán tí ó bá pẹ́ lójú ihò ni ó ń jìyà jù. Méjì tí ẹ sáré yà ni ìmọ́lẹ̀ kò rí jẹ."

Mo sọ fún ìyá mi pé a óò tún un yà nígbà ọdún Kérésìmesì. Ó ní, "Kò burú, ọkọ mi. Sányán kò ní sá lọ." Lóòótọ́, sányán kò sá lọ. Ìyá mi ni kò bá wa ṣe ọdún náà.

Fọ́tò ẹyọ kan yẹn wà ní pálọ̀ wa títí di òní. Àlejò tí ó bá wọlé a máa yìn ín. Èmi ni mo mọ mẹ́wàá tí kò sí lára ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra kámẹ́rà àlòkù pé: kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré ni kò wọ́n. Èyí tí kò wọ́n ni èyí tí ẹ ti dán wò kí ọjọ́ tí kì í padà wá tó dé.

Kí ni ènìyàn ń wá níbẹ̀ lónìí?

Fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ó sì ń ya àwòrán tí ó mọ́. Ẹni tí kò bá ní ìdí kan pàtó láti ra kámẹ́rà onífíìmù, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Ṣùgbọ́n ìdí wà.

Fíìmù tí àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí ń lò ni à ń pè ní 120. Kodak ni ó gbé e jáde ní ọdún 1901 fún kámẹ́rà Brownie rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ní 2022 ni Kodak tún bẹ̀rẹ̀ sí ta fíìmù aláwọ̀ tí ń jẹ́ Gold 200 ní ìwọ̀n 120. Ilford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Foma ní orílẹ̀-èdè Czech ń ṣe ti dúdú àti funfun. Fíìmù yìí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Àwòrán orí fíìmù kékeré tí gbogbo wa mọ̀ láyé ọjọ́sí jẹ́ mìlímítà 24 sí 36. Ti kámẹ́rà olójú méjì jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 56 sí 56. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ̀ ẹ́ tó ìwọ̀n fèrèsé, òwú aṣọ òkè ṣì máa ń hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kejì ni pé nẹ́gátíìfù jẹ́ ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Fóònù lè já sómi, kí fọ́tò ọdún márùn-ún bá a lọ. Ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù tí a tọ́jú síbi gbígbẹ, àwọn ọmọ ọmọ wa ṣì lè tún un tẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé méjìlá péré ni róòlù kan ń gbà. Ẹni tí ó ní méjìlá kì í tẹ kámẹ́rà bí ẹni ń ta ọta ìbọn. Malick Sidibé, ayafọ́tò orílẹ̀-èdè Mali, fi kámẹ́rà olójú méjì Rolleiflex ya àwọn ará Bamako ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kékeré. Ní ọdún 2003, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Hasselblad, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tí ó tóbi jù lágbàáyé fún àwọn ayafọ́tò.

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ fẹ́ rà

Àkọ́kọ́ ni olójú méjì. Ojú òkè ni ayafọ́tò fi ń wò, ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán. Àwòrán a máa hàn lórí gíláàsì kan ní orí kámẹ́rà, ọwọ́ ọ̀tún a sì dà bí òsì títí yóò fi mọ́ ènìyàn lára. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀: ọmọdé tí ó bá fẹ́ fi í ya àgbà ní láti tẹrí ba fún un.

Rolleiflex ti ilẹ̀ Jámánì ni ó sọ irú kámẹ́rà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká láti ọdún 1929, ó sì ṣì wọ́n. Yashica-Mat 124G, tí wọ́n ṣe ní Japan láti 1970 sí 1986, ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí náà orúkọ ti gbé owó rẹ̀ sókè. Ẹ wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: Yashica-D àti Yashica-Mat àkọ́kọ́. Wọn kò ní mítà ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù kan náà ni wọ́n ń lò, owó wọn sì sábà máa ń rọjú. Rolleicord jẹ́ àbúrò Rolleiflex, ó dára. Minolta Autocord ní lẹ́ńsì tí ó mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n apá kékeré tí a fi ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Bí ó bá le, ẹ má fipá yí i. Seagull ti Shanghai àti Lubitel ti Rọ́ṣíà kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n oníke ni Lubitel, ojú ìwòran rẹ̀ sì ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wàhálà.

Èkejì ni àwọn olójú kan ńlá bíi Mamiya RB67, Bronica àti Hasselblad. Wọ́n dára fún ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. RB67 pẹ̀lú lẹ́ńsì rẹ̀ ju kílò méjì àti ààbọ̀ lọ. RB67 kò nílò bátìrì, ṣùgbọ́n Bronica ETRS àti SQ-A kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí bátìrì bá kú. Ẹ rántí pé wọ́n máa ń tú u tà ní ẹyọ-ẹyọ: ara lọ́tọ̀, lẹ́ńsì lọ́tọ̀, ilé fíìmù lọ́tọ̀. Ẹ béèrè ohun tí owó náà kó pọ̀ kí ẹ tó yọ̀ pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń ká pọ̀, bíi Agfa Isolette àti Zeiss Ikon Nettar. Wọ́n ń wọ àpò, owó wọn sì kéré. Ṣùgbọ́n wọ́n ní awọ tí ń nà tí ń súnkì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ti Isolette sì gbajúmọ̀ fún ihò wínníwínní.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, n óò ní kí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ra olójú méjì tí kò ní bátìrì kankan nínú.

Ohun mẹ́jọ tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání, àti róòlù fíìmù 120 kan tí ẹ kò ní yà mọ́. Bí ẹni tí ń tà á bá ní kò sáyè àyẹ̀wò, ẹ kí i kó dábọ̀.

1. Irú fíìmù. Ẹ rí i dájú pé 120 ni ó ń gbà. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà Kodak àtijọ́ ń gba 620, tí fíìmù rẹ̀ fẹ̀ bákan náà ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tín-ínrín. Kodak dá 620 dúró ní 1995. Ẹ yẹra fún èyí tí ó ń gba 220 nìkan pẹ̀lú, nítorí kò rọrùn láti rí rà.

2. Kẹ̀kẹ́ òfìfo. Fíìmù ń tú láti ara kẹ̀kẹ́ kan, ó ń wé mọ́ òmíràn, bí òwú ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí kẹ̀kẹ́ òfìfo kò bá sí nínú kámẹ́rà, fíìmù yín kò ní ibi tí yóò wé mọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ti ba ọ̀pọ̀ ìrìn àjò jẹ́.

3. Lẹ́ńsì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí okùn aláǹtakùn, ìyẹn ni ohun tí ń hù bí èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń bọ́ ọ. Eruku díẹ̀ kò pa á lára. Ìlà tín-ínrín kan kò pa á lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣú bí gíláàsì tí a mí sí, ẹ fi í sílẹ̀.

4. Ṣọ́tà, ìpéǹpéjú kámẹ́rà náà. Ibi tí "ó ń dún dáadáa" ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Ẹ gbé e sí 1, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan gééré. Ẹ gbé e sí 1/2, 1/4, títí dé òpin, kí ẹ sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ó bí ó ti ń ṣí tí ó ń pa dé. Àwọn tí ó lọ́ra ni òróró gbígbẹ máa ń mú lẹ́sẹ̀. Èyí tí ó dún ní 1/125 tí ó sì há ní 1 nílò àtúnṣe, owó àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ jáde nínú iye tí ẹ óò san. Bí ẹ bá rí ọ̀pá kékeré tí a fi ń dá ara ẹni yà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nínú kámẹ́rà àtijọ́, ó lè há, kí gbogbo rẹ̀ sì dákú.

5. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Ẹ wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú kámẹ́rà, kí ẹ sì wo ara rẹ̀ láti ìta, pàápàá àwọn tí ó ní awọ ẹwìrì. Ihò bí orí abẹ́rẹ́ yóò tàn bí ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ra etí ìdérí ẹ̀yìn. Bí fóòmù rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ rántí ìyá mi. Kò ní kí ẹ má rà á o. Fóòmù tuntun kò wọ́n, ènìyàn sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni.

6. Yíyí fíìmù. Ẹ fi róòlù tí ẹ mú wá sínú rẹ̀, ẹ yí i láti 1 dé 12. Ó yẹ kí ó máa dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí ó bá jẹ́ irú tí ń dúró. Bí ó bá ń fò, àwòrán yóò gun ara wọn.

7. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ na pépà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá sí ibi tí fíìmù ń jókòó sí. Ẹ gbé ṣọ́tà sí B, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó máa ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó bá hàn kedere lójú òkè gbọ́dọ̀ hàn kedere lórí pépà náà. Bí wọn kò bá bára mu, ẹnì kan ti tú lẹ́ńsì náà rí, kò sì mọ̀ ọ́n dì padà.

8. Mítà, bátìrì àti fíláàṣì. Ẹ má sanwó nítorí mítà ìmọ́lẹ̀. Yashica 124G lo bátìrì mẹ́kúrì tí wọn kì í tà mọ́, mítà ọ̀pọ̀ wọn sì ti kú. Fóònù yín lè wọn ìmọ́lẹ̀ fún yín lónìí. Ní ti fíláàṣì, àwọn àtijọ́ kan ní ọ̀pá kékeré tí a kọ M àti X sí. X ni ti fíláàṣì òde òní. Ẹni tí ó bá fi í sí M, fíláàṣì yóò ti tàn tán kí ṣọ́tà tó ṣí, fọ́tò yóò sì ṣókùnkùn.

Róòlù ìdánwò

Bí kámẹ́rà bá yege nínú gbogbo èyí, ẹ kò tíì parí. Ẹ bá ẹni tí ń tà á ṣe àdéhùn lórí ìwé pé ẹ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ra fíìmù tuntun kan, kí ẹ ná an báyìí, kí ẹ sì kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀:

Mẹ́ta nínú oòrùn, sí ohun tí ó jìnnà. Bí fíìmù náà bá jẹ́ 100, ẹ gbé ihò lẹ́ńsì sí 16, ṣọ́tà sí 1/125. Ìlànà àtayébáyé ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta sí ìwé ìròyìn tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní nǹkan bíi mítà kan. Bí ẹ bá lè ka lẹ́tà rẹ̀ lórí nẹ́gátíìfù, ojú méjèèjì fẹnu kò. Mẹ́ta nínú ilé lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ṣọ́tà tí ó lọ́ra, kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Méjì pẹ̀lú fíláàṣì. Ìkẹyìn ni ẹ̀kọ́ tí mo fi ojú ara mi rí: ẹ ya ẹyọ kan, ẹ má yí fíìmù, kí ẹ gbé kámẹ́rà náà sínú oòrùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé níbikíbi, èyí ni yóò jẹ́wọ́.

Bí mo bá ti ná fíìmù kan báyìí ní 1997, mẹ́wàá ìyá mi ì bá wà lára ògiri.

Owó tí ń bọ̀ lẹ́yìn

Kámẹ́rà la máa ń rà lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù la ó máa rà títí. Ẹni tí ó bá ń ya róòlù méjì lóṣù yóò ra róòlù 24 lọ́dún, yóò sì rí àwòrán 288. Ẹ kó owó fíìmù kan pọ̀ mọ́ owó ìfọ̀ rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjìlá. Iye tí àwòrán kan ń ná yín nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ iye yẹn, kò lè mọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ béèrè ẹni tí yóò fọ fíìmù kí ẹ tó ra kámẹ́rà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìfọfọ́tò àdúgbò ti ta ẹ̀rọ wọn. Ti dúdú àti funfun, ènìyàn lè kọ́ ọ kí ó máa fọ̀ ọ́ nílé. Ẹ kíyè sí i pé òṣùwọ̀n ooru 20 ni ìwé ìtọ́nisọ́nà sábà máa ń dárúkọ, omi wa sì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yìnyín nínú báàfù, kí ẹ gbé ìgò oògùn sínú rẹ̀, ni ó ń yanjú ìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kámẹ́rà, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń gbé fíìmù bọ̀ wálé, ẹ má fi sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ mú un dání, kí ẹ sì bẹ àwọn aṣọ́bodè pápákọ̀ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun wọn a máa ba fíìmù jẹ́.

Nígbà tí kámẹ́rà bá délé, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀rinrin ń sápamọ́ síbẹ̀. Ẹ gbé e sínú ike tí ó ní ìdérí líle, pẹ̀lú àwọn àpò wóróbo kékeré tí ń gba ọ̀rinrin, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Fún tọkọtaya tí ó kọ̀wé

Arákùnrin, ìyàwó rẹ kò bá ọ jà. Ìṣirò ni ó ń béèrè. Jókòó tì í. Kọ iye kámẹ́rà, iye àtúnṣe, iye fíìmù mẹ́rin àti ìfọ̀ wọn sílẹ̀. Bí o kò bá lè san gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan owó jẹnẹrétọ̀, dúró. Kámẹ́rà tí ó ti lo àádọ́ta ọdún láyé kò ní kú bí ó bá tún dúró fún oṣù mẹ́ta. Láàárín ìgbà náà, lọ bá àgbà ayafọ́tò kan ní àdúgbò rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ni kámẹ́rà wọn wà lórí àjà. Bẹ̀ ẹ́ kí ó yá ọ lò tàbí kí ó fi háyà fún ọ, ya oníbàárà méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì rí i bóyá wọn yóò sanwó.

Arábìnrin, bí ìṣirò bá pé, tí owó ilé kò sì dín, jẹ́ kí ó rà á. Kí ìwọ àti àwọn ọmọ sì jẹ́ ẹni tí yóò fi ya róòlù ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá mọ̀ pé fóòmù ti jẹrà tàbí pé ṣọ́tà há, ẹ sọ ọ́. Ẹni tí ó tà á fún mi lè má mọ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́, kì í ṣe irin àti gíláàsì nìkan ni ó tà. Kò mọ ìyá ẹni tí ó fẹ́ jókòó síwájú kámẹ́rà náà ní Sátidé.

Ní oṣù tí ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè tọ́jú fọ́tò àti nẹ́gátíìfù ìdílé kúrò lọ́wọ́ ikán àti ọ̀rinrin. Kó tó di ìgbà náà, bí ìyá tàbí bàbá yín bá ṣì wà láyé, ẹ má dúró de kámẹ́rà ńlá. Ẹ fi fóònù ọwọ́ yín yà wọ́n lónìí, kí ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó dìgbà o.